Rédíò tó ń ka Bíbélì: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá nídìí aró

₦17,000 ni wọ́n ta rédíò yìí fún mi ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ná an títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ ní títóbi. Ó dúdú, gíláàsì pẹlẹbẹ tó ń gba oòrùn wà lórí rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò tí wọ́n ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀ wà nísàlẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún. Gbogbo Bíbélì Yorùbá, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, ni wọ́n ti kà sínú káàdì tó bá a wá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì àárín, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ní sọ́ọ̀sì ló ti bi mí bóyá kí àwọn ra irú rẹ̀ fún ìyá àwọn. Mo ní kí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣeé sọ tán lẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Aláàdìrẹ ni mí, ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti ń rẹ aṣọ láró, ọjà Ìtokú ni mo ti ń tà á. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọwọ́ wa kì í gbẹ. Bí a bá ti fi àbẹ́là yíyọ́ tẹ iṣẹ́ sára aṣọ tán, inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni ọwọ́ mi ń wà títí di ọ̀sán, ìbọ̀wọ́ náà á sì wà nínú omi aró tó ní sódà nínú. Irú ọwọ́ wo nìyẹn tí ènìyàn fẹ́ fi ṣí Bíbélì? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣèlérí fún Ọlọ́run pé n ó máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó dáná àbẹ́là. Mo ń kà á lóòótọ́: ẹsẹ mẹ́rin, ẹsẹ márùn-ún, kí oníbàárà tó kanlẹ̀kùn.

Fóònù ńkọ́? Mo ní áàpù Bíbélì tí wọ́n ń pè ní YouVersion lórí tèmi, Bíbélì Yorùbá wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun rere ni, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ bí mo bá ń gbọ́ ìtàn Rúùtù lórí fóònù, tí Rúùtù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé oko Bóásì, oníbàárà á pè láti Èkó pé aṣọ òun dà. N ó bọ́ ìbọ̀wọ́, n ó dáhùn, n ó tún rí i pé WhatsApp ti kó nǹkan mẹ́tàdínlógún wá. Nígbà tí n ó fi padà sídìí aró, Rúùtù ti lọ lọ́kàn mi. Rédíò yìí kò mọ̀ ju ohun kan lọ. Ó ń kàwé. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àǹfààní tó ga jù tó ní nìyẹn.

Màámi ni mo sì rà á fún ní tòótọ́. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 78. Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gúlákómà ti gba ojú wọn. Ti ọ̀tún ti lọ pátápátá, ti òsì ń rí òjìji ènìyàn bí ó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan bí ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Áńgílíkà wa. Ẹni tó ti ń kàwé fún ẹlòmíràn látìgbà yẹn ni ojú fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń gbé Bíbélì wọn sórí itan, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lára. Mi ò lè máa wo ìyẹn lójoojúmọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, ohùn ọkùnrin kan jáde, ohùn tó balẹ̀, tí kì í sáré. Ó ní, "Ní ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo Ọlọ́run dá àwọn ọ̀run àti ayé." Màámi gbé ọwọ́ sókè.

"Dá a dúró. Àtètèkọ́ṣe dà?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú rédíò yìí fún àgbàlagbà, ibi tó yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣọ́ra nìyí. Bíbélì Yorùbá kì í ṣe ẹyọ kan. Ti àtijọ́ wà, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ti òde òní náà wà. Ti òde òní ló wà nínú káàdì tèmi, olùtajà kò sì sọ fún mi, èmi náà kò béèrè. Èdè rẹ̀ dán. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 15, ń gbọ́ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, ó sì ń yé e láìjẹ́ pé mo túmọ̀. Bí ilé yín bá ní ọmọdé púpọ̀, ìyẹn ni mo máa ní kí ẹ mú.

Ṣùgbọ́n fún màámi, ọ̀rọ̀ náà kọjá èdè àtijọ́ àti èdè titun. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń sọ ìtàn Crowther fún àwọn ọmọ kíláàsì wọn: bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òsogùn ní 1821, bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ lójú òkun tí ó sì bá ara rẹ̀ ní Freetown, bí ó ṣe di àlùfáà ní 1843, tí ó sì wá sí Abẹ́òkúta tiwa níbí ní 1846. Ibí yìí ló ti rí ìyá rẹ̀, Afàlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti ya wọ́n. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Màámi máa ń dánu dúró bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ rò ó wò: èdè tí ọmọ yìí fi sọ ti Jésù fún ìyá rẹ̀, òun náà ló fi kọ ìwé yìí fún wa. Nítorí náà, "Ní àtètèkọ́ṣe" tí wọ́n ń béèrè yẹn, ẹnu ọ̀nà ilé kan ni lójú tiwọn. Ẹ ò lè yí ẹnu ọ̀nà ilé ènìyàn padà kí ẹ má sọ fún un.

Wọ́n gbà á nígbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé, bí òǹkàwé bá ka gbólóhùn kan tán, wọ́n á sọ ti Crowther tẹ̀ lé e lábẹ́ èémí wọn, bí ẹni ń gbe orin. Ìtumọ̀ méjì la wá ń gbọ́ nílé wa, ọ̀kan láti inú rédíò, ọ̀kan láti ẹnu màámi.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi wàyí. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Bíbélì tí mo rà nígbà tí mò ń ṣègbéyàwó ní 1998 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé e lé orí tábìlì tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀, Sáàmù 91 ló máa ń ṣí sí fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ 91, á jẹ́ 35. Ojú ewé tí Aísáyà 54 wà ti rún, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, nítorí ẹsẹ 17, ti ohun ìjà tí kò ní lè ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, lápá ibi tí Léfítíkù wà, ẹ ó rí i pé ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kun etí ìwé ṣì lẹ àwọn ewé kan mọ́ ara wọn. Láti ọdún tí mo rà á, mi ò tíì yà wọ́n. Mo ti jẹ́ onígbàgbọ́ fún gbogbo ìgbà yẹn. Mo ń gbààwẹ̀, mo ń san ìdá mẹ́wàá, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ibi tó bá ṣèlérí fún mi nínú ìwé náà ni mo máa ń lọ, ibi tó bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, mo máa ń fò ó.

Rédíò kì í fo nǹkan. Ó ń lọ ní ṣísẹ̀n-tẹ̀lé, orí kan lẹ́yìn òmíràn. Bọ́tìnnì kan wà tí ẹ lè fi fò síwájú, mo sì ń lò ó dáadáa. Mo fo àwọn orúkọ inú Jẹ́nẹ́sísì 5. Mo fo gbogbo bí wọ́n ṣe kan àgọ́ ní Ẹ́kísódù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi sódà ta sí rédíò náà láti ara aṣọ tí mò ń fà yọ, bọ́tìnnì yẹn sì gan. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Èyí tó ń kà ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń gbé ohùn sókè àti sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń padà sẹ́yìn ń ṣiṣẹ́. Ti iwájú kọ̀. Ọjọ́ tó gan náà ni Léfítíkù bẹ̀rẹ̀.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo nu ọwọ́, mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Màámi jókòó sí ibòji, wọ́n ní, "Jẹ́ kó kà á."

Ọ̀ràn ẹbọ sísun ló kọ́kọ́ ń kà, mi ò sì fi ọkàn sí i. Àmọ́ nígbà tó dé orí 13, mo ṣàdédé gbọ́ ohun tó jọ iṣẹ́ mi. Àrùn tó mú aṣọ ni wọ́n ń sọ. Aṣọ onírun, aṣọ ọ̀gbọ̀. Bí àbààwọ́n ara rẹ̀ bá jọ àwọ̀ ewé tàbí tí ó bá pọ́n, kí wọ́n gbé e lọ fún àlùfáà. Àlùfáà á wò ó, á tì í mọ́lé fún ọjọ́ méje, á tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fọ̀ ọ́, á tún tì í mọ́lé fún ọjọ́ méje mìíràn. Mo dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Aláàdìrẹ wo ni kò mọ aṣọ tí ọ̀rinrin mú lóṣù keje, tó yọ àbààwọ́n aláwọ̀ ewé láàárín ìdì? Báyẹn gan-an la ṣe ń ṣe: a ó yà á sọ́tọ̀ kó má ràn, a ó fọ̀ ọ́, a ó dúró wò ó. Mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tó báyẹn rí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí.

Bí ènìyàn bá ti tẹ́tí tán, kò lè yan ohun tí yóò gbọ́ mọ́. Ọjọ́ kejì ni orí 19 dé. Ibẹ̀ ni "fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ gẹ́gẹ́ bí ara rẹ" wà, ẹsẹ 18. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, lẹ́nu màámi, mo sì rò pé ẹnu Jésù ló ti kọ́kọ́ jáde. Mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń kà á. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé ẹsẹ 35. Ó ní kí a má ṣe èké nínú òṣùwọ̀n, ìbáà ṣe ti ọ̀pá, ìbáà ṣe ti ìwúwo, ìbáà ṣe ti ohun tí à ń wọ̀n sínú nǹkan.

Ọ̀pá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra aṣọ mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀pá lọ́jà.

Aṣọ funfun tí mo fi ń ṣe àdìrẹ, lọ́dọ̀ ẹnì kan ni mo ti ń rà á ní ìdì. Wọ́n ti gé e sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pá márùn-ún ni èmi náà ń pè é bí mo bá ń tà á. Mo mọ̀ pé kò pé. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó sọ fún mi; ọwọ́ mi ló mọ̀, nítorí ẹni tó ń ká aṣọ lójoojúmọ́ mọ ibi tí ìká kẹwàá yẹ kó parí sí. Bí ọkàn mi bá bi mí, n ó ní báyìí ni mo ṣe rà á, báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń pè é.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ tó wà lójúlé kejì. Aṣọ 12 ló wà nílẹ̀. Ọ̀pá márùn-ún jẹ́ íńṣì 180. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ ní pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi orúnkún rìn láti ìdí dé orí wọn. Mẹ́sàn-án kò pé. Èyí tó kúrú jù jẹ́ íńṣì 161. Ẹni tó bá fẹ́ fi aṣọ yẹn dá ìró àti bùbá, íńṣì 19 tó dín yẹn ni apá bùbá rẹ̀. Mo rántí obìnrin kan tó pè mí lọ́dún tó ṣáájú pé télọ̀ òun ní aṣọ kò ká a. Mo sì dá a lóhùn pé kó wá télọ̀ mìíràn.

Mo sọ fún màámi kí n tó sùn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó tó ọdún mélòó?" Mo ní ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń rà lọ́wọ́ ẹni yẹn. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n gbé téèpù náà wá. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń tọ́ ìlà nínú Bíbélì nígbà tí ojú ṣì wà. Wọ́n ní kí n ra tèmi, kí n so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń wọn aṣọ níkọ̀ọ̀kan kí n tó tà á. Mò ń kọ iye rẹ̀ sí pépà, mò ń fi abẹ́rẹ́ so ó mọ́ ọn. Èyí tí kò bá pé, iye tó jẹ́ ni mò ń pè é, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Mo pe obìnrin tí télọ̀ rẹ̀ kò rí aṣọ rán, mo dá owó díẹ̀ padà fún un. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé mà," kò sì tíì ra nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tó ń ta funfun fún mi kò gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, mo ti ń rà níbòmíràn. Mi ò lówó sí i nítorí èyí o. Ẹ̀rí tí mo bá fẹ́ jẹ́ ní sọ́ọ̀sì lórí rẹ̀ kò ní ilé titun nínú, kò sì ní mọ́tò nínú. Ohun tó ní nínú ni pé n kì í yí ojú kúrò mọ́ bí oníbàárà bá ń na aṣọ níwájú mi.

Ìwé tó ní "fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ" nínú ló sọ ohun tí ìfẹ́ náà jẹ́ nínú iṣẹ́ mi, lẹ́yìn ẹsẹ mẹ́tàdínlógún péré. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, èmi ni mi ò kọjá yàrá àkọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹ̀rọ náà. Májẹ̀mú Láéláé, ẹnì kan ṣoṣo ló kà á. Májẹ̀mú Titun, ènìyàn púpọ̀ ni: ohùn Jésù yàtọ̀, ti Pétérù yàtọ̀, ti àwọn obìnrin yàtọ̀, wọ́n sì fi ìró nǹkan sí i. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìró náà máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó dé Máàkù 4, tí ìjì dìde lórí òkun, màámi ké láti inú yàrá pé ká sáré kó aṣọ, òjò ti dé. A kó aṣọ mẹ́fà wọlé kí ó tó yé wa. Ẹnì kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà.

Lálẹ́, ìbùsùn wọn ni rédíò ń sùn. Àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn, èyí tí ojú rẹ̀ ti lọ kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ pàápàá. Kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á sọ ohun tí Élì kọ́ Sámúẹ́lì ọmọdé: "Máa wí, Olúwa, nítorí tí ìránṣẹ́ rẹ ń gbọ́." Ìgbà náà ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ní òru kan mo dìde lọ wò wọ́n, ó ń ka Sáàmù 77, níbi tí onísáàmù ti ń sọ pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí òun lè pa ojú dé. Màámi mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "O gbọ́ ọ? Òun náà ò sùn." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ kan lọ́nà jíjìn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ bọ́tìnnì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Márààrún jọra, wọ́n tẹ́jú, kò sí àmì kankan tí ọwọ́ lè mọ̀, èyí tí mo kà sí àṣìṣe ńlá lára ohun tó jẹ́ pé afọ́jú àti àgbàlagbà ló nílò rẹ̀ jù. Mo yọ́ àbẹ́là, mo fi igi ìṣáná kan ẹyọ kan sí bọ́tìnnì àárín, ẹyọ méjì sí èyí tó ń padà sẹ́yìn. Ó gbẹ, ó le, ó yọ ọmú kékeré. Bí ó bá jẹ lẹ́yìn bí oṣù kan, n ó tún un kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá ní àbẹ́là, ẹ lè fi ọ̀dà èékánná ṣe é.

Àbùkù tó kù nìyí. Iná oòrùn rẹ̀ lọ́ra. Bí mo bá gbé e sórí àpáta lẹ́yìn ilé wa, níbi tí à ń sá aṣọ sí, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò kà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Lásìkò òjò, ẹ gbàgbé rẹ̀, okùn ìgbaná ni kí ẹ lò. Àpáta náà sì ní ewu tirẹ̀, nítorí ní oṣù kejì bátìrì wú nínú ooru ọ̀sán. Inú mi dùn pé irú bátìrì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò nínú Nokia àtijọ́ ni, kò ṣòro rà. Ohùn rẹ̀ mọ́ títí dé ìdajì. Bí ẹ bá gbé e dé òpin, á máa hó. Ojú rẹ̀ kékeré ń fi nọ́ńbà hàn, kò fi orúkọ ìwé hàn, orí kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ Sáàmù 121 gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé fún wa ní odindi ọjọ́ Sátidé kan.

Nǹkan kan bí mi nínú. Yàtọ̀ sí Bíbélì, wọ́n kó ìwàásù púpọ̀ sínú káàdì náà, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Bí Ìfihàn bá parí, àwọn wọ̀nyí ni á bẹ̀rẹ̀: ẹ mú irúgbìn wá, ẹ máa retí mílíọ̀nù yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ Bíbélì tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún. Mo ní kí ọmọkùnrin kan ní sọ́ọ̀sì wa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Lóṣù karùn-ún, káàdì náà kú. Ó dákẹ́ láàárín Jóòbù, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń bá a wí. Mo gbé e padà fún ẹni tó tà á, ó ní ọjà tó ti jáde kò ní wọlé mọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà láìgbọ́ nǹkan kan, mo sì rí i pé mo ń gbójú wo aago bí mo bá rẹ aṣọ. Ṣẹ́ ẹ rí i, mo ti ń fi orí ìwé ka àkókò aró: èyí tó máa tàn, orí méjì, èyí tó máa dú bí òru, orí mẹ́rin. Bí orí bá parí, n ó fa aṣọ yọ, á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á máa di búlúù lójú mi bí orí tó kàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Láìsí ohùn yẹn, ẹ̀yìnkùlé dàbí ilé tí àlejò ti lọ. Mo ra káàdì titun, ọmọkùnrin kan náà bá wa gbé Bíbélì sí i, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Jóòbù ti dákẹ́. Màámi ní kó bẹ̀rẹ̀ orí náà látòkè, kí wọ́n má fi ìdajì ìdáhùn sílẹ̀ fún ọkùnrin yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ jẹ́ kó kàwé létí yín kí ẹ tó sanwó, Májẹ̀mú Láéláé àti Titun, ẹ béèrè irú ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí bọ́tìnnì pẹ̀lú ojú dídì. ₦17,000 tí mo san kò dùn mí. Bátìrì, káàdì titun àti okùn ti fi bíi ₦6,000 lé e.

A parí gbogbo Bíbélì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A ti padà sí Jẹ́nẹ́sísì. Télọ̀ ojúlé kejì ti tún bọ́tìnnì iwájú ṣe fún mi, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì tó jẹ́ ti Crowther láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí òǹkàwé rẹ̀ kì í sáré, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi. Màámi ṣì ń béèrè àtètèkọ́ṣe wọn.